Ọ̀nà Ìlọrin ti ṣí, màámi ń bọ̀ ní Sátidé, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí mi báyìí

ÌyáÌkókó_Tákíé | 2 oṣù keje 2020, aago 2:40 òru

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò mọ̀ bóyá ibí ló yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí sí, bí kì í bá ṣe ibí ẹ bá mi gbé e lọ síbi tó yẹ. Mo bímọ ní 14 oṣù kẹrin, ọkùnrin, àkọ́bí mi ni. Ẹ ṣáà wo ìgbà tí mo wá bí i. Kọ̀rọ́nà gbòde, ìjọba ní ká má jáde láti aago méje alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kadà dúró kí ọkọ mi tó bẹ àwọn agbófinró tán. A dé ọ̀hún wọn ò jẹ́ kó wọlé, ẹnu géètì ló sùn. Gbogbo àwọn tó dúró tì mí lọ́jọ́ yẹn, ẹyinjú wọn nìkan ni mo rí, ìbòmú ti bo ìyókù, bí mo bá pàdé ẹni tó gbẹ̀bí mi lọ́jà lónìí mi ò lè dá a mọ̀ kí n kí i.

Ọjọ́ kẹjọ, àwa mẹ́fà la wà ní yàrá, fóònù la gbé ti agolo mílíìkì, pásítọ̀ ń sọ orúkọ ọmọ látinú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tó kan orúkọ tí màámi sọ ọ́. Wọ́n tún un sọ. Ó tún já.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé àná ni ìjọba gbà kí mọ́tò máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíì. Ìlọrin ni màámi wà. Wọ́n ti di ẹrù. Láti oṣù kẹrin wọn ò tíì fojú kan ọmọ yìí, Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ ibí o, ọ̀nà tí ọkọ mi ń ná lójoojúmọ́ kí wọ́n tó ti i pa tí mọ́tò ẹ̀ wá jókòó sílẹ̀ láti ìgbà yẹn. Àwọn kan ń fún agbófinró lówó kọjá, àmọ́ màámi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, èmi fúnra mi ló ní kí wọ́n má dán an wò.

Ó yẹ kínú mi dùn, àbí. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Bí wọ́n bá pè mí lórí fídíò, ojú ọmọ ni mo máa ń kọ fóònù sí. Wọ́n á ní "yí i síra ẹ kí n rí ẹ", màá ní dátà ti fẹ́ tán. Irun tí mo dì lọ bímọ ló ṣì wà lórí mi. Oúnjẹ ò wù mí. Ọmọ á sùn, èmi ò ní sùn, àjà ni màá máa wò. Bó bá ń sunkún mo lè jókòó tì í kí n máa wò ó bíi pé ọmọ ará ilé kejì ni. Èyí tó burú jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ni ti ìwẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo ń wẹ̀ ẹ́, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, ló kàn sọ sí mi lọ́kàn pé ó máa yọ́ bọ́, orí ẹ̀ á gbá eteetí abọ́. Kò bọ́ o. Àmọ́ látọjọ́ yẹn mi ò lè gbé e sínú omi mọ́, aṣọ ni mò ń rẹ sómi mo fi ń nù ún. Nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì kan gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, wàrà ti gan sínú ìṣẹ́po ọrùn ẹ̀, ibẹ̀ ti bó, ó ti ń rùn. Ló bá pariwo láàárín èrò, "Ṣé ẹ̀yin kì í wẹ ọmọ ni?" Gbogbo orí yí sí mi. Mi ò gbé e lọ fún ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Àbúrò bàbá mi kan wà, obìnrin, ó bímọ wọ́n ní abísínwín ni. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n gbé e sí, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi dè é. Mo kéré nígbà yẹn ṣùgbọ́n mo rí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Màámi ló máa ń sọ ìtàn yẹn jù nílé wa. Ṣé ohun tó ń ṣe mí nìyẹn? Kí ni kí n sọ fún wọn kí wọ́n tó dé?

---

Ọmọ_Ajílété | aago 5:58 àárọ̀

Àǹtí ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ta ni ò mọ̀ pé ọmọ tuntun kì í jẹ́ kéèyàn sùn? Àwọn ìyá wa bí mẹ́jọ mẹ́sàn-án wọ́n tún ń lọ sóko. Àwọn kan wà tó ń fi omijé wá ọmọ kiri. Ẹ máa dúpẹ́, ẹ yé wo íntánẹ́ẹ̀tì lóru.

---

Àdùkẹ́_UnderG | aago 6:20 àárọ̀

@Ọmọ_Ajílété bóo ṣe jí nìyẹn? Ṣó o ti fojú balẹ̀ ka ohun tó kọ ṣá?

Ìyá ìkókó mi, kú ewu ọmọ, kú ìrọ́jú. Tèmi, ọjọ́ kẹrin tí mo bímọ mo sunkún láti ìrọ̀lẹ́ di òru torí pé ẹ̀wà jóná. Ẹ̀wà! Ọkọ mi ní òun á ra búrẹ́dì, mo tún sunkún torí búrẹ́dì. Kó tó tó ọjọ́ mẹ́wàá ó ti lọ, bí ẹní ṣí ìlẹ̀kùn. Tìẹ ti lé ní oṣù méjì, mi ò rò pé irú kan náà ni. Dúró de Nọ́ọ̀sì_Bísí, ó máa ń wọlé síbí láàárọ̀.

---

Ìránṣẹ́_Olúwa | aago 6:31 àárọ̀

Arábìnrin, ayé ni. Nígbà tẹ́ ẹ ti rí i nínú ìdílé bàbá yín tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, ọjọ́ kẹta ẹ gun orí òkè.

---

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. @Ìránṣẹ́_Olúwa ẹ gbàdúrà fún un, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú tí oúnjẹ ò sì wù ú tẹ́lẹ̀, ààwẹ̀ kọ́.

Ìyá ìkókó, agbẹ̀bí ni mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má tijú. Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí láti pa ara yín lára, tàbí láti ṣe ọmọ ní jàǹbá? Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì nínú ilé ò gbọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí pé à ń dúró de Sátidé. Ẹ jí ọkọ yín, kí ẹnìkan gbé ọmọ, kẹ́ ẹ máa lọ sí ọsibítù.

---

ÌyáÌkókó_Tákíé | aago 7:30 àárọ̀

Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Kí n ṣe ọmọ ní jàǹbá kẹ̀, rárá, pé ó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Èmi fúnra mi... ó máa ń ṣe mí nígbà míì pé bí mo bá sùn tí mi ò jí, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò ní i lọ́kàn láti ṣe nǹkan kan o. Mo ti jí ọkọ mi bí ẹ ṣe wí. Òun ló mú fóònù náà látàárọ̀, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì sọ̀rọ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 8:12 àárọ̀

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Èrò pé kéèyàn sùn kó má jí yẹn, òun gan-an ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà, lónìí tàbí lọ́la. Kí bàbá ọmọ má fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan títí dìgbà yẹn.

Nípa abísínwín tẹ́ ẹ béèrè. Nǹkan mẹ́ta ni àwa Yorùbá dì mọ́ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn ló sì fà á tẹ́nikẹ́ni kì í fi í fẹ́ sọ̀rọ̀. Èkíní ni ẹkún bíi ti Àdùkẹ́ tó máa ń dé ní bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ó ju ìdajì àwọn ìyá lọ tó máa ń ṣe, torí àwọn họ́móònù tó pọ̀ nínú ara nígbà oyún máa ń já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ibi bá ti jáde. Kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní dìpúrẹ́ṣọ̀n lẹ́yìn ìbímọ, ni èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó tiẹ̀ yọjú lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà kí ọmọ tó pé ọdún kan. Àjọ WHO tó ń rí sí ìlera lágbàáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa yìí, bí 20 nínú 100 ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni irú àìsàn ọkàn yìí ń ṣe. Ẹ ka àwọn ìyá tẹ́ ẹ jọ jókòó níbi abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀yin nìkan kọ́.

Ìkẹta ni abísínwín fúnra ẹ̀. Ẹnìkan tàbí méjì nínú 1000 ni. Òjijì ló máa ń dé, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, ẹni náà kò ní sùn kò sì ní rẹ̀ ẹ́, á máa sọ̀rọ̀ tí ò lórí, á máa rí ohun tí ò sí. Ìyẹn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Òun náà gbóògùn o! Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún mi nípa àǹtí yín, torí irin ò wo ẹnikẹ́ni sàn rí.

Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ti ń lò láti 1987, Edinburgh ni wọ́n ń pè é, nípa ọjọ́ méje tó kọjá ni. Ṣé nǹkan ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín, ṣé ẹ ń dá ara yín lẹ́bi níbi tí ẹ̀bi ò sí, ṣé àyà yín ń já láìnídìí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín. Kí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àárẹ̀ ẹ̀ máa ń jọ èyí gan-an. LAUTECH Teaching Hospital ò jìnnà sí yín, Bowen náà wà ńbẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, bí ò bá sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà wọ́n á kọ̀wé yín sí UCH n'Ìbàdàn. Ẹ wọ ìbòmú yín, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù kọ̀rọ́nà dá yín dúró sílé.

Nọ́ọ̀sì tó pariwo lé yín lórí yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ojú tì mí nítorí ẹ̀. Ọrùn ọmọ tó bó, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti bi yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin.

---

MummyTẹ́mi | aago 9:00 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè, ṣé òótọ́ ni pé kọ̀rọ́nà ń gba inú ọmú dé ara ọmọ?

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 9:04 àárọ̀

Rárá. Kódà ìyá tó ní in, WHO ní kó máa fún ọmọ lọ́mú, kó ṣáà wọ ìbòmú kó sì fọwọ́. Ẹ jẹ́ ká parí èyí ná.

---

Ìyá_Alágbo_Sábó | aago 10:47 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ, ọmọ á dàgbà. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má wo àṣìkọ.

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ mo gbọ́. Èmi á sọ tèmi. Láyé tiwa, ta ló bímọ tó dá wà nínú yàrá? Ta ló wẹ ọmọ fúnra ẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé? Mi ò wẹ àkọ́bí tèmi rí títí ó fi ń jókòó. Ìyá ọkọ mi á ká aṣọ sókè, á tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ lé e, ọ̀rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kànìnkànìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fà á lápá á fà á lẹ́sẹ̀, ọmọ á ké, àwa á máa rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe tán lára ọmọ, ó kan ìwọ ìyá, omi gbígbóná ni wọ́n máa fi tẹ ikùn ẹ, wàá pariwo jù ọmọ lọ. Ìgbà yẹn làwọn obìnrin ilé máa ń bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún á sunkún níbẹ̀, wọ́n á ní omi ló gbóná. Kọ̀rọ́nà wá kó gbogbo ìyẹn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé ẹ̀. Kí lẹ wá rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Màmá rẹ ni oògùn rẹ. Jẹ́ kó wá.

---

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 11:15 àárọ̀

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìyá ọkọ wẹ ọmọ fún náà ṣe irú ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Kó jẹ́ kí màmá wá, kó sì tún lọ rí dókítà.

Ìyá_Alágbo_Sábó | aago 11:40 àárọ̀

Mo gbọ́. Mi ò sọ pé kó má lọ.

---

BàbáÌbejì_Ọ̀yọ́ | aago 1:26 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ọkọ arábìnrin yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, mi ò mọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́ sí mi. Ìyàwó mi bí ìbejì, kò tíì sí kọ̀rọ́nà rárá nígbà náà, ìyá ẹ̀ wà ńlé, ìyá tèmi wà ńlé, ó sì ṣe é náà. Èmi tí mò ń ti ṣọ́ọ̀bù dé láago mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu mi ni "kí lo wá ń ṣe látàárọ̀?" Mo máa ń fi ṣeré ni o, lójú tèmi. Alẹ́ ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá a níwájú sítóòfù, kẹrosíìnì ti jó tán, òwú sítóòfù ń rú èéfín, ìkòkò orí ẹ̀ ò ní nǹkan kan nínú, kò sómi kò sí ẹran, ó sì jókòó tì í ó ń fi síbí rò ó. Mo ní kí lò ń sè? Ó ní òun náà ò mọ̀.

Mi ò fẹ́ pa ìtàn gùn. Nǹkan tí mo ṣe tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé mo gba aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́ta òru. Òun á fún àwọn ọmọ lọ́mú, á lọ sùn ní yàrá kejì, kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹkún wọn àfi tí ebi bá ń pa wọ́n. Oorun wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Èkejì, èmi ni mo lọ sọ fún ìyá ẹ̀, mi ò jẹ́ kí òun fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pe ìyá ìyàwó yín kí wọ́n tó wọ mọ́tò.

---

ÌyáÌkókó_Tákíé | aago 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ó ti kà á. Ó ní òun á pè wọ́n, àmọ́ kí ni òun máa pe orúkọ ẹ̀? Bó bá sọ "dìpúrẹ́ṣọ̀n" wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Bó bá sọ pé ọpọlọ, wọ́n á ti gbọ́ abísínwín kó tó parí.

Àdùkẹ́_UnderG | aago 4:10

Ẹ sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ìyá_Alágbo_Sábó | aago 4:33

Ìrẹ̀wẹ̀sì kọ́! Tó o bá sọ ìrẹ̀wẹ̀sì fún ìyá tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó máa gbọ́ ni pé o ò ka Bíbélì mọ́, á kó pásítọ̀ lẹ́yìn wá. Àárẹ̀ ọkàn. Bá a ṣe ń pè é nìyẹn kí dókítà tó dé. Àárẹ̀ ṣáà máa ń mú èèyàn, ẹni tó rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ya wèrè. Kó sọ pé "Ìyá, ọmọ yín bímọ láyọ̀ ṣùgbọ́n àárẹ̀ tó wà lára ẹ̀ ti wọ inú ọkàn ẹ̀, a ti ń lọ rí dókítà, ẹ wá bá wa wẹ ọmọ." Kó má fi kún un kó má yọ níbẹ̀.

BàbáÌbejì_Ọ̀yọ́ | aago 4:41

Kó sọ ti ìwẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá tó bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ wà fún òun kò ní ráyè jáyà.

---

Ọmọ_Ajílété | 3 oṣù keje, aago 11:18 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọjọ́ tó bímọ la ti máa kà á àbí ọjọ́ tí ẹkún bẹ̀rẹ̀? Mo kàn ń béèrè ni o.

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 11:25 alẹ́

Ọmọ yín ti tó oṣù mélòó?

Ọmọ_Ajílété | aago 11:26 alẹ́

Márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 11:27 alẹ́

Ẹ wọ ìnbọ́ọ̀sì mi.

---

ÌyáÌkókó_Tákíé | 7 oṣù keje, aago 3:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ Jímọ̀ la lọ. A pẹ́ níbẹ̀ gan-an, wọ́n fi ààyè sáàárín àga, ẹni tó bá wúkọ́ gbogbo èèyàn á yẹra. Dókítà náà obìnrin ni, ó wọ ìbòmú ó tún fi nǹkan dí ojú, síbẹ̀ ó yọ ọwọ́ sílẹ̀ nídìí ìwé, ó gbọ́ mi. Mo gba máàkì 17 nínú ìbéèrè mẹ́wàá yẹn, ó ní bó bá ti tó 13 àwọn kì í fi ṣeré. Ó bi mí nípa kí n sùn kí n má jí lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi 26 ló wà, ó lọ sílẹ̀, torí náà oògùn ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, òmíì tún wà fún àárẹ̀ ọkàn tó ń jẹ́ sertraline, ó ní mo lè máa lò ó kí n sì máa fún ọmọ lọ́mú, kò ní ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Màá máa padà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ká máa sọ̀rọ̀.

Màámi dé ní Sátidé. Mo ti wẹ̀, mo ti tú irun, mo múra bí ẹni ń lọ ìgbéyàwó. Wọn ò wo aṣọ. Wọ́n wo mi lójú báyìí, wọ́n ní "o ti gbẹ", wọ́n sì gbé báàgì kalẹ̀, ó di "omi dà?" Wọ́n tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Alágbo ṣe wí. Mo dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, mi ò lè wọlé. Ọmọ yẹn ké débi tí àwọn ará ilé kejì yọjú.

Ìjà ti wà o. Wọ́n kó àgbo wá, ìgò mẹ́rin, wọ́n ní ká da oògùn òyìnbó nù. Ọkọ mi ló dá sí i. A ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ tán lórí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Bísí | aago 5:00

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìbi dókítà. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ńkọ́?

ÌyáÌkókó_Tákíé | aago 5:20

Màámi ló gbé e lọ láàárọ̀ yìí. Wọ́n gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè fún gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kí wọ́n rí ọrùn ẹ̀.

---

Àdùkẹ́_UnderG | 16 oṣù kẹjọ, aago 8:44 alẹ́

Ìyá ìkókó dà? A ò gbúròó.

ÌyáÌkókó_Tákíé | aago 9:30 alẹ́

Mo wà o. Ó ti ń rọ̀. Kì í ṣe lójoojúmọ́, àná tiẹ̀ burú díẹ̀, àmọ́ mo ti ń sùn, ẹ̀wà ti ń wù mí, Àdùkẹ́ má fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò tíì lè wẹ ọmọ ní èmi nìkan. Èmi ni mò ń bu omi, màámi ló ń gbé e dání, lánàá wọ́n ní kí n di orí ẹ̀ mú, mo dì í mú títí wọ́n fi ṣan ọṣẹ tán.

Ti oògùn, wọ́n ṣì ní àwọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní òyìnbó ò mọ àárẹ̀ ọkàn. Ṣùgbọ́n láago mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́, bí mo bá gbàgbé, àwọn ni wọ́n ń bu omi sí kọ́ọ̀bù, wọ́n á ka èyí tó kù nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní "ó ku mọ́kànlá, ẹ rán ọkọ ẹ kó lọ rà á kó tó tán."